Tí gbogbo iṣẹ́ tó wà lára ògiri bá jọra, ta ló ṣe é?

Ẹ wọ kíláàsì práímárì kan, ẹ wo ara ògiri. Ẹ máa rí labalábá ọgbọ̀n, gbogbo wọn tóbi bákan náà, ìyẹ́ wọn ṣe rẹ́gí bákan náà, àwọ̀ kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n, ojú dúdú méjì tí wọ́n gé látara bébà sì wà níbì kan náà lórí gbogbo wọn. Ó dùn-ún wò, mi ò ní purọ́, òbí tó bá wọlé máa pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ìbéèrè tèmi ni pé ta ló ṣe labalábá yìí gan-an? Tísà ló rò ó, tísà ló yà á, tísà ló gé e, ohun tó kù fún ọmọ ò ju kó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ lọ. Ọmọ ò ronú nǹkan kan, kò yan nǹkan kan, kò sí ibì kankan tó ti dúró díẹ̀ kó ní ṣé kí n ṣe é báyìí ni àbí kí n ṣe é bọ́ọ̀hún. Ó ń dùn mí, ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Nínú iṣẹ́ ọnà àti nínú dìsáìnì àti tẹkinọ́lọ́jì, ọmọ ló gbọ́dọ̀ máa pinnu, iṣẹ́ tísà sì ni láti kọ́ ọ ní ọgbọ́n ọwọ́ tí ìpinnu ẹ̀ á fi lè jáde. Ìkan ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ lẹ́yìn ìkejì. Àwọn kan máa ń rò pé tí a bá ti ní kí ọmọ ṣe tiẹ̀, a kàn máa da ọ̀dà sílẹ̀, a ó sì máa wò wọ́n níran. Rárá o! Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú ò lómìnira kankan, nǹkan tó wà lọ́kàn ẹ̀ á dúró sọ́kàn ẹ̀ níbẹ̀ torí ọwọ́ ẹ̀ ò lè gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ torí ọ̀pọ̀ wa la máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọnà ń bi ọmọ pé kí lo rí, báwo ló ṣe rí lójú ẹ, kí lo fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ lára. Kò sí èsì kan pàtó tí gbogbo kíláàsì gbọ́dọ̀ bá débẹ̀. Dìsáìnì àti tẹkinọ́lọ́jì ní tiẹ̀ ń bi í pé ta lo ń ṣe é fún, kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi ṣe, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́? Ìyẹn ní èsì, torí afárá tí a ní kó gbé mọ́tò ìṣeré dúró, tó bá wó, ó wó nìyẹn, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa dìde. Àga kan ṣoṣo lè wà níwájú kíláàsì kó sì wúlò fún méjèèjì. Lọ́jọ́ iṣẹ́ ọnà ọmọ á yà á bó ṣe rí i, ó lè fi àwọ̀ tó wù ú kùn ún, ó lè yà á bíi pé ó ti rẹ àga yẹn. Lọ́jọ́ dìsáìnì, ó máa ṣe àga tí bèbí kan máa jókòó lé, ó gbọ́dọ̀ wọn ẹsẹ̀ bèbí yẹn, kó wọn ẹ̀yìn ẹ̀, kó ronú pé kí lòun máa fi ṣe é tí ò fi ní tẹ̀ nígbà tí bèbí bá jókòó. Tí a bá lọ̀ wọ́n pọ̀, dìsáìnì á di pé ká kun páálí ní ọ̀dà ká pè é ní ilé, láìsí ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀, láìsí ìlẹ̀kùn tó ń ṣí. Iṣẹ́ ọnà náà á wá di títẹ̀lé ìtọ́ni: ìgbésẹ̀ kìíní, ìgbésẹ̀ kejì, ó parí.

Ìjíròrò yìí ti pẹ́ láyé. Friedrich Froebel ará Jámánì, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ibi tó ń kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ sí ní Blankenburg lọ́dún 1837, búlọ́ọ̀kù onígi, bọ́ọ̀lù àti bébà tí wọ́n ń ká ló ń kó fún wọn, torí ó gbà pé inú eré àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní Finland, Uno Cygnaeus ló wà nídìí bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe di ẹ̀kọ́ dandan nílé ìwé lọ́dún 1866. Lẹ́yìn ìyẹn ni Otto Salomon wá gbé e dé ibi gíga ní Nääs ní Sweden, táwọn tísà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń rìnrìn àjò lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Salomon ní kí iṣẹ́ máa ti ibi tó rọrùn lọ síbi tó le, kí ohun tí ọmọ bá ṣe jẹ́ ohun tó wúlò nílé, kí tísà má sì fọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn díẹ̀. Kí tísà má fọwọ́ kàn án! Mo mọ bó ṣe ń yún èèyàn lọ́wọ́ tó, ọmọ ń gé nǹkan wọ́gọwọ̀gọ, o rí i pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lo máa fi bá a tún un ṣe, àmọ́ tóo bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tóo sọ fún un ni pé tiẹ̀ ò dáa tó. Bó bá nílò ìrànlọ́wọ́, mú bébà mìíràn, fi hàn án lórí bébà tìẹ, kó wá padà lọ ṣe é lórí tiẹ̀.

Ní Vienna ní Austria, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Franz Cižek bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àwòrán fún àwọn ọmọdé ní 1897, òun ní tiẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n máa ya ohun tó ń bọ̀ látinú wọn, dípò kí wọ́n máa da iṣẹ́ àgbà kọ. Salomon ń sọ ti ètò, Cižek ń sọ ti òmìnira, àwọn èèyàn sì ti ń fi wọ́n bá ara wọn jà láti ìgbà yẹn. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀. Ètò wà fún ọwọ́, òmìnira wà fún ọkàn, ọmọ kan náà ló sì ni ọwọ́ àti ọkàn. Nígbà tí England sì sọ tẹkinọ́lọ́jì di dandan nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn lọ́dún 1990, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 5 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọn ò dúró dé sẹ́kọ́ńdìrì, ìyẹn wù mí gan-an.

Ó yẹ kí tísà práímárì mọ bí yíyàwòrán ṣe ń dàgbà nínú ọmọ, kó tó máa sọ pé eléyìí ò mọ̀ ọ́n yà. Ọmọ bí ọdún 2 á kàn máa ha bébà, apá ẹ̀ látòkè délẹ̀ ló fi ń ṣe é, inú ẹ̀ sì ń dùn pé òun fi àmì sílẹ̀. Tó bá sún mọ́ ọdún 3 tàbí 4, èèyàn á jáde: orí roboto kan, ẹsẹ̀ méjì tó yọ tààrà látinú orí yẹn, kò sí ikùn, ọwọ́ lè yọ níbi tó yẹ kí etí wà. Káàkiri ayé làwọn ọmọ ti máa ń ya èèyàn báyìí. Kì í ṣe pé ọmọ ò rí ikùn, ẹ ní kó fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, á fọwọ́ kàn án, ó kàn jẹ́ pé ohun tó ṣe kókó jù lójú ẹ̀ ló yà. Tí tísà bá wá mú bírò pupa tó ní "ikùn dà", ó ti ba nǹkan jẹ́. Láàárín ọdún 5 sí 7 ẹ máa rí ìlà kan nísàlẹ̀ bébà tó jẹ́ ilẹ̀, ìlà búlúù kan lókè tó jẹ́ ojú ọ̀run, àárín wọn ṣófo, gbogbo nǹkan to sórí ìlà ilẹ̀ yẹn. Ẹ máa rí ilé tí ògiri ẹ̀ ò dí ohunkóhun, ẹ̀ ń rí bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti àwọn tó wà nínú ẹ̀. Ọmọ yà á bẹ́ẹ̀ torí ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ló ń yà, kì í ṣe ohun tójú ẹ̀ rí láti ibi tó dúró sí. Viktor Lowenfeld, ọ̀mọ̀wé nípa kíkọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, to àwọn ipele yìí lẹ́sẹẹsẹ ní 1947, àwọn èèyàn ti ń bá a jiyàn lórí ibi tí ìkan parí sí àti ibi tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tísà tó bá ń wo ọmọ dáadáa máa rí wọn fúnra ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti le wá ni nǹkan bí ọdún 9. Ìgbà yẹn ni ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú àgbà wo iṣẹ́ ara ẹ̀, ó fẹ́ kí ẹṣin jọ ẹṣin, kò jọ ọ́, ó bá fi erésà pa á rẹ́ títí bébà fi lu, ó ní "Tísà, mi ò mọ̀ ọ́n yà." Ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi, ibẹ̀ yẹn la ti ń pàdánù wọn! Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń sọ lónìí pé àwọn ò lẹ́bùn àwòrán, ìgbà yẹn ni wọ́n pa bébà dé tí wọn ò ṣí i mọ́, torí wọ́n nílò ẹni tó máa kọ́ wọn ní nǹkan, àwa sì ń sọ fún wọn pé "ó dáa bẹ́ẹ̀, ó rẹwà." Ọmọ ọdún 9 mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Ìyìn lásán ò ní ṣe é láǹfààní kankan, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó sì ṣeé kọ́. Bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, á wá dorí kodò máa ya èyí tó wà nínú orí ẹ̀. Ẹ gé ihò onígun mẹ́rin sáàárín káádì kékeré kan, kí ọmọ máa wo nǹkan látinú ihò yẹn, ohun tó kọjá ihò yẹn kò kàn án mọ́. Ẹ ní kó ya àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ àga, kó má ya àga rárá. Orúkọ wà fún àga, ọmọ sì ti ní àwòrán "àga" kan lórí tó máa fẹ́ yà, àmọ́ àlàfo ò lórúkọ, kò sí ohun tó máa yà ju èyí tó rí lọ. Tó bá parí, àga á ti jókòó sáàárín bébà fúnra ẹ̀. Mo ti rí ojú àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n rí i pé àga ti jáde. Ẹ tún lè dojú fọ́tò kan dé kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí kan náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún wọn ní pẹ́ńsù tó rọ̀, 2B tàbí 4B, torí HB tí wọ́n fi ń kọ̀wé ò lè dúdú tó fún òjìji, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ títí bébà á fi ya.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ má kó ìgò ọ̀dà méjìlá síwájú wọn. Pupa, yẹ́lò, búlúù, funfun, ó tó. Ọmọ tí ẹ bá fún ní gíríìnì inú ìgò, gíríìnì kan ṣoṣo ló ní, bẹ́ẹ̀ ewé tó wà lára igi kan ṣoṣo ò sí láwọ̀ kan. Èyí tó pò ó fúnra ẹ̀ á ní ogún. Ẹ sọ fún wọn pé àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n wá máa fi èyí tó dúdú kún un díẹ̀díẹ̀: yẹ́lò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù, ẹ wá fi búlúù ṣíún kán an, torí tí ẹ bá fi yẹ́lò sínú búlúù, ìdajì ìgò á lọ tán kó tó yí padà. Dúdú náà, díẹ̀ ló yẹ kó wà lórí tábìlì tó bá tiẹ̀ máa wà, torí ọmọ tó bá fẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀ á máa da dúdú sí i, gbogbo nǹkan á sì kú. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ tísà ò sọ: pupa àti búlúù ni wọ́n ní ó ń di pọ́pù, ọmọ á pò ó, ó máa di ẹrẹ̀, á rò pé òun ò ṣe é dáadáa. Àwọ̀ ló fà á, ọwọ́ ọmọ kọ́. Pupa tó fara jọ ọsàn ti ní yẹ́lò nínú, tí pupa, yẹ́lò àti búlúù bá sì pàdé, búráùn ló ń jáde. Ẹ wá pupa tó ń fà sí píǹkì, ẹ máa rí pọ́pù tó mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò fi lo pupa rárá, tó jẹ́ cyan (búlúù tó ń fà sí gíríìnì), magenta (pupa tó ń fà sí píǹkì), yẹ́lò àti dúdú ló ń lò, ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí dìsáìnì wàyí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn tísà jù, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe ẹnjiníà. Kò sí ẹnjiníà kankan níbẹ̀. Bébà kan ṣoṣo tó. Ẹ gbé bébà sórí ìwé méjì tó jìnnà síra, ẹ gbé erésà lé e, á tẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ ká bébà kan náà ní kíká tóóró tóóró, ìkan sókè, ìkan sísàlẹ̀, ẹ gbé e padà síbẹ̀, á gbé erésà dúró, á tún gbé nǹkan lé e. Bébà ò pọ̀ sí i, kò wúwo sí i, bó ṣe rí nìkan ló yí padà. Ọmọ tó bá rí ìyẹn ti mọ ìdí tí páálí fi lágbára, ẹ ní kó ya ẹ̀gbẹ́ páálí kó wo inú ẹ̀, á rí bébà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín bébà méjì.

Ẹ tún ṣe eléyìí. Ẹ gé káádì tóóró mẹ́rin, ẹ lu ihò sí orí àti ìdí wọn, ẹ fi àwọn ìdè bébà onírin ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn so wọ́n pọ̀ kó di onígun mẹ́rin. Ẹ ní kí ọmọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: á wọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Kó wá fi mẹ́ta ṣe onígun mẹ́ta, kó tì í bó ṣe fẹ́, kò ní mira. Kí ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé báwo la ṣe máa mú kí onígun mẹ́rin náà dúró, ẹ máa rí i pé ẹnì kan máa fi káádì kan dábùú ẹ̀ láti igun kan sí ìkejì. Nígbà tí wọ́n bá tún rí afárá onírin tàbí òpó gíga lójú ọ̀nà, wọ́n á máa ka onígun mẹ́ta tó wà lára ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ní kí wọ́n kà á.

Àwọn nǹkan tó ń mira ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, mo sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká lo àkókò sí jù. Káádì tóóró kan tí a fi ìdè onírin kàn mọ́ káádì ńlá níbì kan ṣoṣo ti di lẹ́fà, tóo bá ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ sọ́tùn-ún, òkè á lọ sósì. Ọmọ lè ya ẹyẹ sórí òkè yẹn kó máa fò. Tí ibi tí a kàn mọ́ ọn bá sún mọ́ ọwọ́ ẹ̀, ẹyẹ á fò jìnnà, tó bá sún mọ́ ẹyẹ, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Ọmọ ọdún 6 lè rí ìyẹn, kó sì lò ó láti pinnu. Táyà náà: táyà méjì àti ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀, ó ní láti jẹ́ pé ọ̀pá yẹn ń yí lábẹ́ mọ́tò, tàbí kó jẹ́ pé táyà ló ń yí lára ọ̀pá. Àwọn ọmọ máa ń fi gúlúù lẹ gbogbo ẹ̀ pa, wọ́n á wá máa ti mọ́tò, á máa wọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí ó ti há. Tí wọ́n bá fi sítúrọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń fa nǹkan mu lẹ̀ mọ́ ìdí mọ́tò, tí wọ́n sì ki ọ̀pá tó tín-ínrín bọ inú ẹ̀, á yí. Ẹ máa tún rí ẹni tí ihò táyà ẹ̀ ò sí láàárín gbùngbùn, mọ́tò ẹ̀ á máa fò sókè fò sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, gbogbo kíláàsì á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ gba táyà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, ẹ fi han gbogbo wọn, torí ohun tó ba mọ́tò jẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìṣeré tí nǹkan ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀: páálí roboto kan tí ihò ẹ̀ yẹ̀ kúrò láàárín, ọ̀pá kan dúró lé e lórí, bí páálí roboto yẹn ṣe ń yí ni ọ̀pá ń gòkè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Kam ni wọ́n ń pè é.

Ní ti iná, bátìrì 1.5V, bọ́ọ̀bù kékeré àti wáyà méjì ti tó ṣe ilé tó ní iná tàbí ojú robọ́ọ̀tì tó ń tàn. Ẹ kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní pé iná ara ògiri ò sí lára eré yìí láéláé, àti pé wáyà tó bá so orí bátìrì mọ́ ìdí ẹ̀ láìsí bọ́ọ̀bù láàárín máa gbóná.

Nǹkan kan wà nípa yíya plánì tí mo fẹ́ káwọn tísà rò dáadáa. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ ya ohun tó fẹ́ ṣe, kó tó ṣe é. Ọmọ á yà á, mọ́tò tó ní fèrèsé, iná, èéfín tó ń jáde lẹ́yìn, ó tiẹ̀ lè ní ìyẹ́. Tó bá wá débi iṣẹ́, á ju àwòrán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó máa ṣe ò ní jọ ọ́ rárá. Tísà á ní ọmọ ò tẹ̀lé plánì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọmọ kékeré ò tíì lè fi pẹ́ńsù ronú nípa páálí tí kò tíì fọwọ́ kàn. Kò mọ̀ pé ó nípọn, kò mọ̀ pé kò ní ká síbi tó fẹ́, àwòrán ẹ̀ jẹ́ àwòrán nǹkan tó wù ú. Ẹ kọ́kọ́ kó nǹkan tí wọ́n máa lò síwájú wọn, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ká a, kí wọ́n gé e, kí wọ́n rí ohun tó gbà àti ohun tí ò gbà. Ẹ ní kí wọ́n tú páálí ọṣẹ kan palẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ká, ibi tí wọ́n lẹ̀, àwọn etí tó fara pamọ́ sínú tí gúlúù wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n yàwòrán, àwòrán yẹn á ní ìwọ̀n, á ní ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa lẹ̀, á jẹ́ plánì lóòótọ́. Kí wọ́n tún ṣe é ní bébà lásán kí wọ́n tó gé káádì gidi.

Kí n yára sọ ti irinṣẹ́. Àtàǹpàkò wà lókè nínú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ kejì ló ń yí bébà, sísọ́ọ̀sì kì í yí. Ẹ wá sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì fún ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì, torí tí ó bá lo èyí tí gbogbo èèyàn ń lò, abẹ á dí ojú ìlà tó fẹ́ gé mọ́ ọn, á sì máa fún bébà dípò kó gé e, wọ́n á wá ní ọwọ́ ẹ̀ wúwo. Àwọn ọmọ ńlá lè lo ayùn kékeré tí igi bá wà ní dídì mú ṣinṣin lórí tábìlì, kí wọ́n kọ́kọ́ fa ayùn sẹ́yìn láti là á ní ojú ọ̀nà, kí wọ́n tó máa tì í síwájú. Kí ẹni méjì má ṣe dúró sídìí ayùn kan. Ọmọ tí wọ́n bá fún ní irinṣẹ́ gidi, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń lò ó, máa ń ṣọ́ra ju bí àgbà ṣe rò lọ.

Ẹ̀wẹ̀, báwo la ṣe máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn? Mo ti jáwọ́ nínú bíbèèrè pé "kí nìyí?", torí ọmọ tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé kò jọ nǹkan kan lójú tísà. Ẹ ní "sọ nípa ẹ̀ fún mi", kí ẹ wá dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "mo rí i pé búlúù tí o lò níbí ò dà bí ti ọ̀hún, báwo lo ṣe pò ó?" Ọmọ á sọ fún yín, ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà gbọ́, kó sì dán an wò. Ti dìsáìnì yàtọ̀, torí ìdánwò ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ fúnra ẹ̀: a ní kó gbé mọ́tò dúró, ṣé ó gbé e? Ibi tó ti já ńkọ́, ṣé àárín ni tàbí etí? Afárá tó wó, tí ọmọ sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti kọ́kọ́ tẹ̀, tó sì sọ ohun tó máa yí padà, èmi á fún un ní máàkì tó pọ̀ ju afárá tó dúró tí ẹni tó ṣe é ò mọ ìdí tó fi dúró lọ.

Àkókò la ò ní. Tí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀, títẹ́ tábìlì àti fífọ búrọ́ṣì á jẹ ìdajì ẹ̀. Ó sàn kí ẹ bẹ àwọn aláṣẹ ilé ìwé kí wọ́n kó o jọ, ọ̀sán méjì gbáko lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n sì parí ẹ̀ kó tó kúrò lọ́kàn wọn. Mo mọ̀ pé tí ìdánwò ìṣirò àti ìwé kíkà bá ti sún mọ́lé, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Ó ń bí mi nínú, torí ọmọ tó ń wọn ẹsẹ̀ àga bèbí, ìṣirò ló ń ṣe, èyí tó sì ń ṣàlàyé ìdí tí táyà ẹ̀ fi há, èdè ló ń kọ́.

Ẹ̀yin tísà tí ẹ máa ń ní "èmi gan-an ò mọ àwòrán yà", ẹ wá kọ́ iṣẹ́ yìí bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà ti jókòó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ mú káádì, gúlúù àti ìdè onírin tí àwọn ọmọ máa lò, kí ẹ ṣe ẹyẹ tó ń fò yẹn fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ máa rí ibi tí ihò ti máa ń ya, ẹ máa rí bí gúlúù ṣe ń pẹ́ gbẹ tó, ẹ máa mọ ìgbésẹ̀ tó máa gba àkókò jù. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ fi tiyín pa mọ́ sínú báàgì, ẹ má gbé e síwájú kíláàsì, torí ẹyẹ yín ni gbogbo wọn máa dà kọ. Ẹ gbé káádì lásán jáde, ẹ lu ihò kan sí i níwájú wọn, ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹ rò pé ó lè máa mira lórí òkè yìí, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sójú pátákó, kódà èyí tí ẹ rò pé kò lè ṣeé ṣe.